Àsọtẹ́lẹ̀, Kòkòrò àti Omíyalé: Èdè Sáyẹ́ǹsì lẹ́nu Àwọn Akéde

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fa wáyà rédíò dé ilé àwọn ará Èkó ní ọdún 1935, àpótí kékeré kan ni wọ́n gbé kọ́ ara ògiri, ohùn a sì máa ti inú rẹ̀ jáde láì dúró gba èsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà wò ó, wọ́n ní asọ̀rọ̀-má-gbèsì ni. Kò sí ìgbìmọ̀ kan tí ó jókòó láti sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n rí pé ó ń ṣe ni wọ́n fi pè é. Lónìí, orúkọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ òtítọ́ mọ́, nítorí pé àwọn olùgbọ́ a máa fi fóònù pe ilé-iṣẹ́ rédíò, wọn a sì máa dá atọ́kùn ètò lóhùn, ìbáà wù ú, ìbáà má wù ú. Ẹni tí ó bá wọ dánfó ní òwúrọ̀ láti Ìsọlọ̀ lọ sí abẹ́ afárá Oṣòdì yóò gbọ́ bí wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn tí wọ́n sì ń tú u palẹ̀ ní èdè Yorùbá. Yóò gbọ́ ìdájọ́ lórí ìjọba, lórí bọ́ọ̀lù àti lórí ẹ̀sìn. Yóò sì gbọ́ ìdájọ́ lórí sáyẹ́ǹsì, ní ọ̀pọ̀ ìgbà ju bí àwọn ọ̀mọ̀wé ti rò lọ.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú tín-ín-rín wo àwọn atọ́kùn wọ̀nyí. Ìròyìn tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ní alẹ́ ni wọ́n ń sọ di Yorùbá ní òwúrọ̀, láì sí ìwé atúmọ̀ tí ó tó níwájú wọn, láì sì sí àyè láti ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ó jọni lójú ni pé ní àdúgbò tí ariwo yìí ti ń lọ gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì tí ó ṣe kókó wà. Nítòsí ibùdókọ̀ Cappa ní Oṣòdì ni FIIRO wà, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí iṣẹ́ ilé-ẹ̀rọ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1956. Ní Oṣòdì náà ni NiMet, àjọ tí ń ṣọ́ ojú-ọjọ́ ní Nàìjíríà, ní ọ́fíìsì àti ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́. Oṣòdì kan náà ni NAFDAC ní ilé àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń yẹ oúnjẹ àti oògùn wò. Obìnrin tí ó ń ta gàrí ní ọjà Oṣòdì lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwádìí tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ gàrí wò. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nínú ọgbà náà kì í dé etí rẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́. Ó gba inú èdè Gẹ̀ẹ́sì kọjá, ó gba ẹnu rédíò kọjá, nígbà tí yóò sì fi dé orí àtẹ rẹ̀, ó ti di ohun mìíràn.

Ọ̀rọ̀ òjò ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Bí NiMet bá gbé ìwé rẹ̀ ti ọdọọdún jáde lórí bí òjò ọdún náà yóò ti rí, rédíò a ní àjọ náà ti sọ àsọtẹ́lẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ti ọ̀la ni wọ́n sọ, àsọtẹ́lẹ̀ náà ni. Kí ni àsọtẹ́lẹ̀ létí ọmọ Yorùbá? Iṣẹ́ wòlíì ni, iṣẹ́ aríran ni, kò sì jìnnà sí iṣẹ́ babaláwo. Bíbélì Yorùbá, tí Samuel Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú nínú ìtumọ̀ rẹ̀, ti fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ fún ohun tí Ọlọ́run fi sí ènìyàn lẹ́nu. Àsọtẹ́lẹ̀ kì í ní ìdajì. Bí ó bá ṣẹ, ẹni tí ó sọ ọ́ jẹ́ wòlíì òtítọ́. Bí kò bá ṣẹ, èké ni. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí àjọ náà bá ní òjò ṣeé ṣe kí ó rọ̀, tí oòrùn sì yọ, atọ́kùn a bú sẹ́rìn-ín, a ní àwọn wòlíì Oṣòdì tún ti purọ́. Àwọn tí ó pe fóònù a kín in lẹ́yìn. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni ó mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ní ọgbọ́n tirẹ̀ nínú, ó sì tẹ̀lé ọgbọ́n náà dé òpin.

Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ń ṣe kò jọ ìran rárá. Wọ́n ń wọn ooru, wọ́n ń wọn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, wọ́n ń wọn bí afẹ́fẹ́ ti wúwo tó àti ibi tí ó ń fẹ́ gbà. Wọ́n ń wo àwòrán ìkúùkù tí sátẹ́láìtì yà láti òkè. Wọ́n ń wo bí omi òkun ti gbóná tó, kì í ṣe òkun tí ó wà lẹ́bàá Èkó nìkan, bí kò ṣe òkun Pàsífíìkì pẹ̀lú, nítorí pé gbígbóná òkun ọ̀hún lè mú kí òjò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dínkù. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì bá wọn ṣírò. Bí Yorùbá bá fẹ́ sọ òtítọ́ nípa iṣẹ́ yìí, ìṣirò ni kí ó pè é: ìṣirò ojú-ọjọ́. Kí akéde sọ pé NiMet ṣírò pé òjò yóò rọ̀. Oníṣòwò tí ó ṣírò èrè rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, tí èrè náà kò sì pé ní ìparí oṣù, kò sí ẹni tí yóò pè é ní èké. Wọn yóò ní ìṣirò rẹ̀ yẹ̀, wọn yóò sì bi í ní ohun tí kò kà mọ́ ọn. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùgbọ́ máa bi NiMet náà nìyẹn.

Àwọn kan ti dábàá ìfojúsọ́nà. Kò burú, ṣùgbọ́n ìrètí wà nínú rẹ̀ jù. Ènìyàn a máa fojú sọ́nà fún ohun tí ó wù ú. Àwọn mìíràn yóò ní ilé-ẹ̀kọ́ ti gba ìṣirò fún iṣẹ́ òǹkà, nítorí náà kò yẹ kí wọ́n tún gbé e fún òjò. Àtakò yìí kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Iṣẹ́ òǹkà kan náà ni, ó kàn jẹ́ pé ojú sánmà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá gbọ́ pé ìṣirò ni wọ́n fi ń mọ ìgbà òjò yóò tilẹ̀ mọ ìdí tí wọ́n fi ń kọ́ òun ní ìṣirò.

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń fa wàhálà jù nínú ọ̀rọ̀ òjò. Onímọ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe kí òjò rọ̀ ní ìwọ̀n 70 nínú 100. Akéde sọ ọ́ ní Yorùbá pé òjò yóò rọ̀ ní ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Olùgbọ́ kan rò pé ìdá àádọ́rin ìlú Èkó ni yóò rí òjò. Ẹlòmíràn rò pé ìdá àádọ́rin ọjọ́ náà ni òjò yóò fi rọ̀. Ẹnì kẹta rò pé òjò náà kò ní í le púpọ̀. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ohun tí onímọ̀ sọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá sì lè sọ ọ́ láì kó sí wàhálà: bí irú ọjọ́ báyìí bá yọ ní ìgbà mẹ́wàá, òjò yóò rọ̀ ní ìgbà méje, kò ní í rọ̀ ní ìgbà mẹ́ta. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ta ayò ọlọ́pọ́n lábẹ́ igi ní Ìsọlọ̀ yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, yóò sì mọ̀ pé ọjọ́ tí oòrùn yọ kò sọ ẹnikẹ́ni di òpùrọ́. Ìdáwọ́lé àwọn onímọ̀ èdè ti jẹ́ láti wá ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo tí yóò rọ́pò ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo. Níhìn-ín, gbólóhùn ni a ń fẹ́.

Àṣìṣe kan wà tí ó jẹ́ ti àwọn olùfẹ́ èdè fúnra wọn, ó sì yẹ kí a dárúkọ rẹ̀. Ìwé ọdọọdún NiMet a máa sọ ọjọ́ tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí yóò parí. Ẹni tí ó bá mọ Yorùbá dáadáa yóò rántí kíá pé àwọn àgbẹ̀ ti ní àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò, inú rẹ̀ yóò sì dùn pé ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Àrọ̀kúrò kò ní ìṣòro púpọ̀. Àkọ́rọ̀ ni ó léwu. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn ni àkọ́rọ̀, ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ó sì lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tí onímọ̀ ojú-ọjọ́ ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra, tí ilẹ̀ mu tó, tí ọ̀dá gígùn kò sì ní í tún dá sí i láàrin. Àgbẹ̀ tí ó gbin àgbàdo sí àkọ́rọ̀ tí òjò sì pa á tì ni ìwé náà ń fẹ́ gbà lọ́wọ́ àdánù. Bí akéde bá wá pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ àkọ́rọ̀, ó ti fi ọ̀rọ̀ tí ó dára sọ òdì kejì ohun tí wọ́n rán an. Ìfìdímúlẹ̀ òjò ni ó sún mọ́ ọn jù. Jíjẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan jẹ́ ti àbáláyé kò tó láti mú kí ó tọ́.

Ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹwà èdè. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, òjò ńlá rọ̀ ní Èkó, omi wọ ilé, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní ọdún 2022, omi kún jákèjádò Nàìjíríà, àwọn tí ó kú lé ní 600, àwọn tí ó sá fi ilé wọn sílẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan. Ìkìlọ̀ sì ti jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà. Àwọn ìkìlọ̀ wọ̀nyí kò ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ìdí: ibi tí òtòṣì yóò kó lọ kò sí, ilé tí wọ́n kọ́ sí ojú omi kò ṣeé gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti kọ́ láti máa fi wòlíì èké rẹ́rìn-ín láràárọ̀ kò ní í dìde kó ẹrù ní ọjọ́ tí ìkìlọ̀ bá jẹ́ òtítọ́.

Ìsọlọ̀ ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Kínní ọdún 2002, iná ràn dé ilé tí wọ́n kó ohun ìjà pamọ́ sí ní bárékè Ìkẹjà, ohun ìjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Ariwo bọ́ǹbù ni ó gba ìlú kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá títí wọ́n fi dé kánáàlì Òkè-Àfá ní Ìsọlọ̀, ní òkùnkùn, níbi tí ewéko ti bo ojú omi tí kò fi jọ omi mọ́. Àwọn tí ó kú ní ọjọ́ náà lé ní 1,000, omi ni ó sì gbé púpọ̀ nínú wọn. Kò ní í tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ì bá gbà wọ́n là. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń mì kì í dúró wo ìwé atúmọ̀. Síbẹ̀, bọ́ǹbù tí ọ̀tá ń jù yàtọ̀ sí ohun ìjà tí ń bú nínú àká rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ lè bọ́ sí ibikíbi. Ti èkejì, bí ẹyọ rẹ̀ tilẹ̀ ń fò jáde, ní ibi tí ó fìdí sí, ẹni tí ó bá sì ti jìnnà sí ibẹ̀ tó lè dúró. Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí ó tètè ya méjèèjì sọ́tọ̀ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní i títí di ìsinsìnyí. Ìgbà tí ilẹ̀ tutù ni ó yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà lẹ́nu àwọn akéde.

Ti gàrí tún le ju ti òjò lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n dá ilé ìwádìí Oṣòdì sílẹ̀ ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú àpò láàrin ìgbà tí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́ àti ìgbà tí wọ́n bá yan án. Ní ọdún 1959, P. Collard àti S. Levi kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé ìpele méjì ni kíkan ẹ̀gẹ́ ní: bakitéríà kan ni ó kọ́kọ́ ń jẹ sítáàṣì tí ó sì ń mú omi rẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ni ẹ̀dá mìíràn, tí ó jẹ́ ìbátan olú, wá ń mú òórùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ gàrí jáde. I. A. Akinrele ti Oṣòdì tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ náà ní àwọn ọdún 1960. Nígbà náà, èrò wọn ni pé omi kíkan tí bakitéríà mú wá ni ó ń tú oró kúrò lára ẹ̀gẹ́. Ìwádìí tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Nínú ẹ̀gẹ́, oró náà so mọ́ ṣúgà kan, kò sì lè pa ẹnikẹ́ni bí ó bá wà bẹ́ẹ̀; ẹ́ńsáìmù tí yóò tú u kúrò lára ṣúgà náà wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ní yàrá ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá ti rin ẹ̀gẹ́, ògiri àárín yàrá wó, àwọn méjèèjì pàdé, oró tú sílẹ̀, ó sì bá afẹ́fẹ́ lọ, nítorí pé nǹkan bí ìwọ̀n 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó ti ń hó di afẹ́fẹ́, ọ̀sán Oṣòdì sì sábà máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àkókò tí ó lò nínú àpò ń fún iṣẹ́ yìí láyè láti parí, ooru agbada a sì lé èyí tí ó kù. Rírin ni olórí iṣẹ́. Àwọn ìyá tí ó ń rin ẹ̀gẹ́ kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni tí ó wà ní FIIRO kò mọ orúkọ ẹ́ńsáìmù, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí wọn kò rin dáadáa kò ní í jẹ́ gàrí tòótọ́.

Báwo ni rédíò ṣe ń sọ èyí? Kòkòrò ni ó ń jẹ oró inú gàrí. Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó gbọ́ kòkòrò rántí ohun tí ó rí nínú ẹ̀wà ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ó rò pé ìdọ̀tí ni wọ́n ń sọ, ó sì pinnu pé gàrí tí kò kan ni ó mọ́ jù, èyí tí wọ́n yan ní ọjọ́ kejì. Èyí tí oró lè ṣẹ́kù sí nínú jù gan-an ni ó wá yàn. Ọ̀rọ̀ oró ẹ̀gẹ́ kì í sì í ṣe eré. Ní àwọn ọdún 1960, B. O. Ọ̀súntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣe ìwádìí lórí àìsàn kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, tí ń ba iṣan ẹsẹ̀, ojú àti etí jẹ́, wọ́n sì so ó mọ́ oúnjẹ tí ó jẹ́ kìkì ẹ̀gẹ́. Àwọn mìíràn ti jiyàn sí i lẹ́yìn náà, bí ó ti yẹ kí onímọ̀ máa ṣe. Ṣùgbọ́n bí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ bá dé orí rédíò, ohun tí akéde ń sọ ni pé wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Ẹni tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ní Yorùbá, alábòsí ni. Ẹni tí ó tún un wò, ọlọ́gbọ́n ni. Kò sí ìdí tí akéde kò fi lè sọ pé àwọn onímọ̀ ti tún ọ̀rọ̀ náà wò.

Kòkòrò ti di àpò tí wọ́n ń kó ohun gbogbo sí. Eṣinṣin ni kòkòrò, bakitéríà ni kòkòrò, ohun tí ó fa àrùn kòrónà ní ọdún 2020 ni kòkòrò. Láti ibẹ̀ ni apakòkòrò ti jáde, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó ń jẹ́ oògùn tí wọ́n ń fín sí ẹ̀fọn, tí ó tún ń jẹ́ kápúsù tí aláìsàn ń gbé mì. Ní ọdún 2019, NAFDAC fi òfin de títa ìgò kéékèèké oògùn dichlorvos ní ọjà, nítorí pé àwọn kan ń mu ún láti pa ara wọn, àwọn kan sì ń dà á sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́. Tí ọ̀rọ̀ kan náà bá ń jẹ́ ìgò yẹn, tí ó sì ń jẹ́ ohun tí dókítà kọ fún ọmọdé, ewu wà nínú èdè náà fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe ṣe ń ra kápúsù tí kò lè ran ọ̀fìnkìn lọ́wọ́: kòkòrò ni wọ́n ní ó fà á, apakòkòrò ni ó sì rà.

Ó yẹ kí kòkòrò padà sí ohun tí ojú ń rí. Fún ohun tí ojú kò rí, ẹ̀dá àìfojúrí tó. Lábẹ́ rẹ̀ ni kí bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì dúró pẹ̀lú orúkọ àyálò wọn. Kì í ṣe gbogbo àyálò ni ọ̀lẹ. Ìwúkàrà wà nínú Bíbélì láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo onígbàgbọ́ sì mọ̀ pé ohun kékeré ni ó ń mú odindi ìyẹ̀fun wú. Ó jẹ́ ìyàlẹ́nu pé ilé-ẹ̀kọ́ fi í sílẹ̀ tí ó lọ ń wá ọ̀rọ̀ fún yíìsì. Omidùn náà wà, tí gbogbo ìyá ológì mọ̀. Bí akéde bá sọ pé ohun tí ó wà nínú omidùn ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú àpò gàrí, kò sí ẹni tí yóò rò pé ìdọ̀tí ni.

Lórí búrẹ́dì, ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ gùn. Ní ìgbà ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni wọ́n ní kí àwọn oníbúrẹ́dì máa po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ìdá mẹ́wàá mọ́ ti àlìkámà. Ní ọdún 2012, nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà jẹ́ mínísítà fún ọ̀gbìn, wọ́n tún fẹ́ kí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé ìròyìn ní àwọn onímọ̀ ṣàwárí búrẹ́dì ẹ̀gẹ́, bí ẹni pé ó sọnù sínú igbó. Ohun tí ó ṣòro níbẹ̀ ni pé ìyẹ̀fun àlìkámà máa ń fà bí rọ́bà tí wọ́n bá pò ó, ó sì ń há afẹ́fẹ́ mọ́ inú kí búrẹ́dì lè wú. Ti ẹ̀gẹ́ kì í fà. Gbólóhùn kan péré ni èyí, kò sì gba ọ̀rọ̀ tuntun kankan. Ọ̀rọ̀ kẹ́míkà náà yẹ fún ìbáwí. Láti ìgbà tí NAFDAC ti fi òfin de potassium bromate nínú búrẹ́dì, ohun tí ó bá ní kẹ́míkà nínú ti di ohun tí ó ní májèlé nínú, ohun àdánidá sì ti di ohun tí kò lè pani. Oró ẹ̀gẹ́ jẹ́ àdánidá. Iyọ̀ sì jẹ́ kẹ́míkà.

Níbo ni àwọn olùṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ wà nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀? Inú kíláàsì ni wọ́n wà, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ tí ó níyì níbẹ̀. Ní ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà lábẹ́ Aliu Babátúndé Fáfúnwá, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, ètò náà sì fi hàn pé èdè kò ṣe aláìtó. Ní ọdún 1984 ni apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá jáde lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé, apá kejì sì tẹ̀lé e ní ọdún 1990. Ti ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n, wọ́n sì ti wúlò kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni retí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ àkójọ sáyẹ́ǹsì ni orúkọ: orúkọ egungun, orúkọ ẹ̀yà òdòdó, orúkọ ohun èlò. Ìròyìn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìròyìn kún fún iyèméjì, fún ìwọ̀n, fún ó-tó-báyìí àti kò-tíì-dájú. Kò sí àkójọ tí ó kọ́ akéde bí yóò ti sọ pé ẹ̀rí díẹ̀ wà ṣùgbọ́n kò tíì tó, tàbí pé nǹkan méjì ń rìn pọ̀ láì jẹ́ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ ayárabíàṣá, orúkọ tí ó sọ bí kọ̀ǹpútà ti yára tó láì sọ ohun tí ó ń fi ìyára náà ṣe, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní kọ̀ǹpútà.

Àwọn tí ó lè ṣe iṣẹ́ tí ó kù kò jìnnà sí ara wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ojú-ọjọ́ ní Oṣòdì mọ ohun tí wọ́n wọ̀n; àwọn atọ́kùn rédíò mọ ohun tí etí ń gbà; àwọn olùkọ́ Yorùbá ní yunifásítì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan ń gbé dání wá. Ọjọ́ kan ṣoṣo kí ìwé òjò ọdún tó jáde, pẹ̀lú ìwé náà lórí tábìlì, yóò so èso ju ìpàdé ọlọ́dọọdún mẹ́wàá lọ.

Wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ omi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ àwọn ará ìlú ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù. Ní Ìbàdàn, níbi tí odò Ògùnpa ti ṣe ìparun ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, wọ́n mọ omíyalé. Ní Èkó, àgbàrá ni wọ́n ń wí, omi òjò tí ó ń wá ibi gbà tí kò sì rí gọ́tà. Àwọn tí ó ń gbé létí odò mọ ìgbà tí odò kún bo bèbè rẹ̀, àwọn ará etíkun sì mọ ìgbà tí òkun ya wọ ìlú. Àwọn onímọ̀ náà ya wọ́n sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé àgbàrá a máa dé láàrin wákàtí kan, kíkún odò sì lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ìròyìn ti wá dà gbogbo wọn pọ̀ sí omíyalé. Ẹni tí ó ń gbé lẹ́bàá kánáàlì ní Òkè-Àfá gbọ́ pé omíyalé ń bọ̀, kò sì mọ̀ bóyá kí òun gbé mátírẹ́ẹ̀sì sókè ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni tàbí kí òun dúró di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.